Ìbéèrè Láti Inú Àká Àgbàdo

Àgbàdo náà dé igbá àyà rẹ̀ kó tó dúró.

Ìyá Kílódé kò pariwo mọ́. Ó ti pariwo tán nígbà tí ilẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí àgbàdo gbígbẹ ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ bí omi tó rójú ihò, tó sì ń fà á lọ, tòun torúnkún, tòun tìbàdí. Ní báyìí, gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́ rọ́rọ́. Apá rẹ̀ méjèèjì nìkan ló kù lókè, ó nà wọ́n sórí àgbàdo bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó fẹ́ mí kanlẹ̀, kò ṣeé ṣe. Bó bá ti mí síta, àgbàdo á yára gba àyè tí àyà rẹ̀ fi sílẹ̀. Bó bá wá fẹ́ mí sínú padà, àgbàdo kò ní yẹ̀ fún un.

"Ẹ má fà á o!" Ohùn Dókítà ló ń bọ̀ láti ojú ihò tó wà lórí òrùlé àká. "Ẹni tó bá fa okùn ìbàdí wọn yẹn, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ni!"

Níbi iṣẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Kílódé. "Kí ló dé?" ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú olè, pẹ̀lú lọ́yà, àti pẹ̀lú ọkọ tó fẹ́ ẹ sílé. Ṣùgbọ́n lóko ńlá yìí, nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Dókítà nìkan ló mọ̀ pé ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Dókítà yìí ló kó àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ wá síbí, kó lè kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òṣìṣẹ́ oko: bí oògùn kòkòrò ṣe ń gba awọ ara wọlé, bí eruku ọkà ṣe ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, bí wọ́n ṣe ń yọ ẹni tó há sínú àká láìṣe é léṣe. Ìyá Kílódé bá wọn jókòó ní kíláàsì, ó ń mi orí bí wọ́n ṣe ń mi orí. Ohun tó gbé e wá gan-an ni ikú ọmọkùnrin kan tó kú sínú àká yìí kan náà lẹ́yìn ìkórè tó kọjá. Àwọn olóko ní ọmọ náà mutí yó ni, pé ó dá wọ inú àká láìgbàṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ Ìyá Kílódé létí. Nígbà tí Dókítà wá ní òun fẹ́ kí ẹnì kan wọ inú àká, kó ṣe bí ẹni tó há, kí àgbàdo dé orúnkún rẹ̀ péré, òun ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọmọ náà kú sí.

Ó ti wá rí i báyìí. Ó rí i ju bó ṣe fẹ́ lọ.

"Màmá, ẹ ń gbọ́ mi?" Dókítà yọ orí. Ìmọ́lẹ̀ ojú ihò náà ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú àká, orí rẹ̀ sì ti bo ìdajì. "Ẹ má tiraka láti yọ ẹsẹ̀. Pákó la máa fi yí yín ká, a ó wá máa bu àgbàdo inú rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó máa gba sùúrù. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè máa wọlé, torí bí èèyàn bá pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á tún ti àgbàdo lù yín."

"Ẹnì kan ṣoṣo?"

"Ẹnì kan ṣoṣo, mà. Wọ́n á máa gbà á fún ara wọn."

Inú ìrora yẹn náà, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, ó ń bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní yàrá kan tí kò ní fèrèsé, tí òun á ti máa bá àwọn afurasí sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kò fún un. Ó wá rí i gbà lóko àgbàdo.

"Dókítà, ẹ ní kí wọ́n ti géètì. Kí áńbúláǹsì wọlé, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ dúró síbẹ̀."

"Kí ló dé, mà?"

"Ìbéèrè mi lẹ gbà sọ yẹn. Àgbàdo kì í dédé rìn."

*

Dókítà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ lórí pákó fẹ̀ǹfẹ̀ kan kí àgbàdo má baà gbé òun náà mì, ó sì ń ki pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ẹ̀gbẹ́ èjìká Ìyá Kílódé.

"Kí ló dé?" ni Ìyá Kílódé bi í.

"Màmá, mi ò mọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa àgbàdo jáde nísàlẹ̀ yìí, mo pa súwíìṣì rẹ̀, mo fi àgádágodo mi tì í. Kọ́kọ́rọ́ rèé lọ́rùn mi. Mo tún tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ níṣojú gbogbo kíláàsì, ẹ̀rọ ò dáhùn."

"Àgádágodo náà ńkọ́?"

"Mo ti sáré lọ wò ó. Ó ṣì tì pa."

"Ta ló wà pẹ̀lú yín lókè?"

"Máníjà oko. Ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí. Bàbá Bẹ́líìtì, ọ̀gá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, di okùn yín mú lẹ́yìn wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nílẹ̀, gbogbo wọn ń wòkè."

"Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ lóko yìí ńkọ́?"

"Ó ní òun ń bójú tó aláìsàn kan ní kílíníìkì. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ pariwo ló tó sáré dé."

"Máníjà ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?"

"Kò kúrò títí ẹ fi pariwo. Ìgbà yẹn ló sáré sọ̀ kalẹ̀, tó ń ké pé ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, pé òun ń lọ pa á. Ó pa á lóòótọ́, torí àgbàdo dúró." Dókítà mí hẹ̀. "Àgádágodo mi ló jẹ̀bi, mà. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yín."

Ìyá Kílódé ń rántí ọjọ́ tó ṣíwájú, nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà kí kíláàsì lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Wọ́n fara ti ara àká níta lọ́hùn-ún, irin náà sì ń gbọ̀n débi pé eyín ẹni ń gbá ara wọn. Lónìí, òun gan-an wà nínú rẹ̀. Irin kò gbọ̀n. Àgbàdo kàn ń lọ ní tirẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́, bí iyanrìn tó ń jò láti inú àpò tó lu.

"Dókítà, ẹ̀yin fúnra yín, ẹ fetí ara yín gbọ́ ẹ̀rọ?"

Dókítà dá ọwọ́ dúró. "Ariwo yín nìkan ni mo gbọ́, mà."

"Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ kò tíì pa mí."

*

Bàbá Bẹ́líìtì ló tẹ̀ lé e. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ bí wọn kò bá bi í. Ó mú pákó méjì àti abọ́ ike kan dání. Ó ki pákó bọ ẹ̀yìn Ìyá Kílódé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a wọlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu àgbàdo. Bó ti ń bù ú kúrò ni òmíràn ń yọ́ bọ́ síbẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tí kò tíì sí pákó.

Ìyá Kílódé ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ ẹni tí bàbá yìí í ṣe. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ lẹni tó kú síbí. Bí ẹnì kan bá wà lóko yìí tó lè fẹ́ kí ayé rí i pé àká náà ń pa èèyàn, kí ojú ti Máníjà níwájú àlejò, òun ni. Ó tún mọ ẹ̀rọ náà ju gbogbo wọn lọ. Kò sì síbi tí Ìyá Kílódé lè sún sí. Bàbá náà kàn lè fi ọwọ́ kan ti àgbàdo sí i lójú, ọ̀rọ̀ á parí.

"Bàbá, ẹ̀rọ ni wọ́n ní ó ṣiṣẹ́."

"Irọ́ ni."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Bẹ́líìtì rẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Mo yọ ọ́ láàárọ̀, kí Dókítà tó dé ìdí súwíìṣì rárá." Ó bu abọ́ kan dà sẹ́yìn. "Láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti kú, bí èèyàn bá máa wọ inú àká yìí, màá ti kọ́kọ́ yọ bẹ́líìtì. Àgádágodo dáa. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí bẹ́líìtì, kò sí bí ẹ̀rọ ṣe máa yí."

"Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ìyá Kílódé di ojú, kó lè ronú, kí eruku sì má wọ ojú rẹ̀. Bàbá yìí ló di okùn mú. Nígbà tí àgbàdo ń fà á lọ, okùn ọ̀hún dúró gan-an, kò tú. Ẹni tó dì í mú kò fà á, kò sì jù ú sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kó kú kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá náà bọ́ nínú ẹ̀sùn.

"Bí ẹ̀rọ kò bá yí, báwo ni àgbàdo ṣe ń jáde?"

Bàbá Bẹ́líìtì ronú. "Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lábẹ́ àká, tí wọ́n ń fọwọ́ fà. Bí èèyàn bá ṣí i, àgbàdo á dá ara rẹ̀ dà sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Èèyàn máa rá kòrò wọ ibẹ̀ ni. Omi òjò ti dúró síbẹ̀, àgbàdo tó dà sílẹ̀ ti hù, ó ti kan."

"Máníjà lè rá kòrò wọ ibẹ̀?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá náà mì díẹ̀. "Máníjà wa yìí? Ikùn rẹ̀ lè wọlé. Òun fúnra rẹ̀ á wá dúró síta máa retí rẹ̀."

Ìyá Kílódé fẹ́ rẹ́rìn-ín, àgbàdo sì fún un láyà mọ́ra. Ó fi ọwọ́ ṣe é kí bàbá dúró díẹ̀. Àtìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, kò mọ̀ bóyá ó ṣì ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀.

*

Máníjà ní eékún ń dun òun, òun kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ojú ihò òkè ló dúró sí, ojú rẹ̀ roboto, òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ wọ inú àká.

"Ẹ kú ewu, Nọ́ọ̀sì àgbà. Ọlọ́run ló yọ yín. Bí mi ò bá tètè pa ẹ̀rọ yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Mo gbọ́ ọ ni. Ta ni ò ní gbọ́ ọ?"

"Báwo ló ṣe dún?"

"Gbu-ru-ru-ru-ru," ni Máníjà wí, ó sì ń fi ọwọ́ yí i bí ọmọdé tó ń wa mọ́tò. "Bó ṣe máa ń dún. Àgádágodo Dókítà yẹn, ọjà gbàǹjo ni."

"Ẹ wá pa á."

"Mo pa á. Súwíìṣì ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀."

Súwíìṣì tí àgádágodo ṣì tì pa. Ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì rẹ̀ wà lórí tábìlì. Ìyá Kílódé kò jiyàn. Ẹni tó ń purọ́ lọ́nà tó rọrùn báyìí, ẹ jẹ́ kó máa purọ́ lọ. Ohun tó ń dà á láàmú yàtọ̀. Máníjà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dókítà nígbà tí àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Òun kọ́ ló ṣí ilẹ̀kùn kékeré yẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe sáré sọ̀ kalẹ̀, irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ta ni ọkùnrin bíi tirẹ̀, tó ti ẹrù gbogbo sí òkú ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn, lè tìtorí ẹ̀ purọ́?

Ariwo kan dé láti ìta. Wọ́n ní áńbúláǹsì ti rì sínú ẹrẹ̀ ní kọ́nà, kò lè dé ọ̀dọ̀ àká. Dókítà yọ orí lójú ihò. "Màmá, mò ń lọ gbé ìgò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wá fún yín lọ́wọ́ ara mi. Bàbá Bẹ́líìtì ti lọ gé pákó sí i. Nọ́ọ̀sì oko ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá yín. Máníjà á dúró ti okùn."

*

Nọ́ọ̀sì oko náà kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́. Ó dùbúlẹ̀ sórí pákó fẹ̀ǹfẹ̀ náà, ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan iṣan ọrùn Ìyá Kílódé, ó kà á, kó tó mú abọ́ ike.

"Ọkàn yín ń sáré, mà. Ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ni kò jẹ́ kí n máa bẹ̀rù. Kí ni Máníjà jẹ́ sí yín?"

Abọ́ dúró lójú kan. "Bọ̀dá mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa. Òun ló rán mi níléèwé."

"Ẹ ṣe dáadáa."

Nínú pákó méjì tó mú wá, ó ki ọ̀kan bọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó ku ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, apá iwájú, ibi tí àgbàdo ti ń yọ́ bọ̀ wá sí àyà Ìyá Kílódé. Òórùn kan sì wà níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òórùn kíkan, bíi ti ẹ̀kọ tó ti pẹ́ nínú ìkòkò. Àgbàdo àká yìí gbẹ fúrúfúrú. Eruku nìkan ló ń rùn. Ìyá Kílódé rọra yí orí. Nọ́ọ̀sì náà ti yí padà láti mú pákó tó kù, bàtà rọ́bà rẹ̀ sì nà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Ìyá Kílódé. Láàárín ihò ìsàlẹ̀ bàtà náà, ẹrẹ̀ dúdú ti wọ̀, hóró àgbàdo kan sì há sínú ẹrẹ̀ ọ̀hún. Ó ti hù. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó gùn tó èékánná.

Ẹrẹ̀ yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí Bàbá Bẹ́líìtì sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni.

Ó wo nọ́ọ̀sì náà dáadáa. Aṣọ iṣẹ́ búlúù bíi ti àwọn òṣìṣẹ́ oko ló wọ̀. Láàárọ̀, nígbà tó ń wọn ìfúnpá fún kíláàsì, funfun báláú ló wọ̀, tòun ti ṣòkòtò rẹ̀. Àwọn yòókù tó wọ inú àká, bí wọ́n ṣe wọṣọ wá láti ilé ni wọ́n ṣe wọ ibẹ̀.

"Nígbà wo lẹ pààrọ̀ aṣọ, Nọ́ọ̀sì?"

"Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ wá síbí. Nítorí eruku."

"Rárá. Mo rí yín lójú ihò òkè nígbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, kí Dókítà tó sọ pé ẹnikẹ́ni máa wọlé rárá. Búlúù lẹ wọ̀. Èmi ni wọ́n ń sá bọ̀ wá wò, ẹ̀yin sì ti ráyè pààrọ̀ aṣọ."

Nọ́ọ̀sì di pákó tó kù mú sí àyà bí ẹni tó gbé ọmọ.

Ìyá Kílódé mọ̀ pé ọgbọ́n kọ́ ni kéèyàn mú ọ̀daràn nígbà tí àgbàdo mú òun. Ọwọ́ ẹni yìí ló wà. Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́, bàtà yẹn á ti di fífọ̀ kí òun tó jáde. Ó sì ń rí nǹkan mìíràn lójú ọmọbìnrin náà, ohun tó jọ àárẹ̀ ju ibi lọ.

"O mọ̀ mí," ni Ìyá Kílódé wí. Kò fi "ẹ" pè é mọ́.

"Mo rí yín lọ́jọ́ tí wọ́n wá wo òkú." Ohùn rẹ̀ kò ga ju èémí lọ. "Lánàá ni mo rántí ojú yín. Mo sọ fún Bọ̀dá mi. Ó ní ẹnu mi ni ọlọ́pàá ti gbọ́ pé ọmọ yẹn mutí, pé èmi ló máa ṣẹ̀wọ̀n, kì í ṣe òun. Ó ní kí n wá nǹkan ṣe."

"O wá wọ abẹ́ àká, o ṣí ilẹ̀kùn. O mọ̀ pé èmi ni mo wà nínú rẹ̀?"



"Mo mọ̀."

Ìyá Kílódé mí, àgbàdo gba ìwọ̀n èémí náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ilẹ̀kùn yẹn, bí kò bá sẹ́ni tó tì í, àgbàdo ì bá ti bò mí. Bọ̀dá ẹ kò débẹ̀, kò lè wọ ibẹ̀. Ìwọ náà lo tì í. Kí ló dé?"

Nígbà tí nọ́ọ̀sì máa sọ̀rọ̀, omijé ti la ọ̀nà sínú eruku ojú rẹ̀. "Mo gbọ́ yín. Mo rò pé mi ò ní gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ ibẹ̀. Mo gbọ́ yín bí ẹ ṣe ń ké pe màmá yín."

Ìyá Kílódé kò mọ̀ pé òun ké pe màmá òun.

Ìmọ́lẹ̀ dín kù. Àwọn méjèèjì gbójú sókè. Ojú roboto Máníjà wà lójú ihò. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kàn ń wo àbúrò rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan.

"Bọ̀dá," ni nọ́ọ̀sì pè é.

Ọwọ́ Máníjà kan ìdérí irin.

"Bọ̀dá, mo wà níbí! Bọ̀dá mi!"

Ìdérí náà dún gbàà. Òkùnkùn ṣú bo wọ́n. Wọ́n gbọ́ tí ó fa irin ìdè kọjá lókè, wọ́n sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àkàsọ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, wúwo, kíákíá, eékún tó ń dùn ún kò sì dí i lọ́wọ́.

*

Nọ́ọ̀sì náà pariwo títí ohùn rẹ̀ fi ha. Ó fò dìde, ibi tó ti ṣìnà nìyẹn. Pákó fẹ̀ǹfẹ̀ yọ̀ kúrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rì wọ inú àgbàdo. Àgbàdo tó tì wá níwájú rọ́ lu Ìyá Kílódé dé èjìká.

"Dákẹ́! Dùbúlẹ̀!" Ohùn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà ni, ohùn tí àwọn olè mọ̀. "Fi àyà lé pákó. Rọra. Má ja ìjàkadì pẹ̀lú ẹ̀."

Nínú òkùnkùn, ó gbọ́ bó ṣe ń yọ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ó tì mí mọ́bí. Bọ̀dá mi tì mí mọ́bí."

"Ó tì ọ́ mọ́bí. Pákó tó kù ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

Ìyá Kílódé kò ní nǹkan tó lè fi dẹ́rù bà á, kò sì ní nǹkan tó lè ṣèlérí. Àgbàdo ti fẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó kàn dúró, ó ń mí kékeré, kékeré, ó ń retí ohun tí ọmọbìnrin náà máa fi pákó ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ó gbọ́ tí pákó náà wọlẹ̀ níwájú àyà rẹ̀. Ó tún gbọ́ àtẹ́lẹwọ́ tó ń gbá a, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan sí i, títí tó fi kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni abọ́ ike bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bù, ó dà á nù, ó bù, ó dà á nù. Àgbàdo kò yọ́ padà wá mọ́. Nígbà tí abọ́ kò kápá ẹ̀ mọ́, ó ń fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ.

"Kò mutí," ló wí láàárín iṣẹ́, láìsí ẹni tó bi í. "Bọ̀dá mi ló ní kó wọlé lọ fi irin tú àgbàdo tó dì, ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kò fẹ́ kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró torí ọkọ̀ ń dúró de ẹrù. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbé e wá. Mo la ẹnu rẹ̀, Màmá. Àgbàdo ló kún un. Kò sí òórùn ọtí kankan. Àgbàdo ló kún un dé ọ̀fun."

"Máa bù ú," ni Ìyá Kílódé wí. Ohùn òun náà ti yí padà.

Ó ń bù ú lọ. Àyà Ìyá Kílódé ṣí. Ó mí sínú, èémí tó kún, tó dùn un dé egungun ìhà, ó sì mọ adùn tó wà nínú afẹ́fẹ́ eléruku yẹn.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn títí irin ìdè fi dún lókè. Ìdérí ṣí, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán dà lù wọ́n, ojú Bàbá Bẹ́líìtì sì yọ, pákó tuntun lábẹ́ apá. Ó wò wọ́n. Ó wo ìdérí. Ó yí ọrùn pa dà, ó ké sí Dókítà pé kó sáré.

*

Nígbà tí wọ́n gbé Ìyá Kílódé dé ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Dókítà tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì kékeré tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, ó fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Ní géètì, àwọn nọ́ọ̀sì àtàwọn dókítà kíláàsì ti jókòó sílẹ̀ pẹrẹsẹ níwájú mọ́tò Máníjà, ó ń fọn fèrè mọ́tò, wọn kò dìde. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, inú mọ́tò yẹn náà ni wọ́n ti bá a, ó ti fèrèsé mọ́ra rẹ̀ nínú ooru.

Nọ́ọ̀sì oko ló sọ̀ kalẹ̀ gbẹ̀yìn láti orí àkàsọ̀. Kò sá. Ó dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì Ìyá Kílódé, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí wọ́n dè é.

Ìyá Kílódé yọ ohun afẹ́fẹ́ kúrò nímú. "Èmi kọ́ lo máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀."

Ọmọbìnrin náà mọ ẹni tó ń wí. Bàbá Bẹ́líìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àká, ó ń ká okùn jọ. Nọ́ọ̀sì lọ bá a, ó kúnlẹ̀ sínú àgbàdo tó dà sílẹ̀.

"Bàbá," ló wí, àwọn tó wà nítòsí sì gbọ́ ọ, "ọmọ yín kò mutí. Wọ́n rán an níṣẹ́ ni. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn."

Bàbá náà kò gbójú sókè. Ó ká okùn náà tán, ó so ó dáadáa, ó gbé e kọ́ sára irin.

"Mo mọ̀," ni Bàbá Bẹ́líìtì wí. "Ìyá rẹ̀ ni kò mọ̀. Dìde, ká lọ sọ fún un."